Èyí Tí Mo Lè Fi Ọwọ́ Kan Dì Mú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Kíbọọ̀dù ti sú mi. Kí èèyàn máa fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà wa bàálù inú géèmù kọ̀ǹpútà – ẹ̀sín gbáà ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò mira. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dorí kodò. Ìgbà mẹ́rin ni mo já bọ́ lónìí kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, etí omi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Màmá ń wò mí. Ó béèrè bóyá gbogbo èrò inú rẹ̀ ti kú. Mo ní rárá, Mà, wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ kó tó já. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Màá ra ohun ìdarí gidi. Mo ti pinnu. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o. Èyí tó wúwo lọ́wọ́, tó máa ń ta ko èèyàn díẹ̀ tí a bá fà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún. Dókítà Elépè fi ohùn ránṣẹ́, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. (Mò ń pè é ní Elépè nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé èèyàn ṣépè.) Mo gbọ́ "kíndìnrín", mo tẹ kíndìnrín. Ọlọ́run ló mọ ohun tó sọ.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ohun tí àwọn dókítà bá sọ sínú ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, nínú yàrá yìí, ní àjà kẹta, láti aago méje àárọ̀ títí Màmá á fi jí lójú oorun ọ̀sán. Ṣáájú èyí, ìdí káńtà ni mo wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún méje. Mò ń gbé báàgì àwọn ẹlòmíì sórí òṣùwọ̀n, mò ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ bàálù. Nígbà tí iyè Màmá wá ń rá débi pé wọ́n rí i ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fún oṣù díẹ̀ ni, Alága wí. Alága ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ló ń ṣe alága gbogbo ìpàdé ẹbí wa, òun náà ló máa ń sọ pé ìpàdé ti parí. Oṣù díẹ̀ náà pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó kọjá.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mo dé ọ̀dọ̀ Oníwáyà. Ogójì ìṣẹ́jú ni Ìyá Ìsàlẹ̀ lè fi bá mi jókòó ti Màmá. Abẹ́ wa gan-an ló ń gbé, orúnkún sì ń dùn ún, kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òpópónà méjì péré ni.

Ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà tín-ín-rín bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà lókè, wáyà nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ láàárín, pẹ̀lú awò ojú tó fi òwú so létí. Àgbàlagbà ni, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Kò sí ohun ìdarí géèmù tó bà jẹ́ tí kò lè tú. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Madam Páílọ́ọ̀tì. Ó gbé nǹkan mẹ́ta kalẹ̀:

Ọ̀pá. Ó dúró ṣánṣán lórí ìdí rẹ̀, ó ní ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi lé.

Oníwo. Ìwo méjì yọ níwájú rẹ̀ bí ti màlúù, súkúrù méjì ló fi ń gbá tábìlì mú. O fà á, imú bàálù gbéra. O tì í, ó tẹ orí ba.

Pẹ́dàlì, fún ẹsẹ̀.

Mo di Oníwo mú, mi ò fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́. Ti ẹnì kan tó kó lọ sí ìlú mìíràn ni tẹ́lẹ̀. Oníwáyà tú ìdí rẹ̀ hàn mí: òòfà ló wà nínú rẹ̀, àwọn irin ibẹ̀ kì í fara kan ara wọn, nítorí náà kì í gbó. Èyí tó bá ń ha ara ni kì í tọ́jọ́, tí bàálù á kàn máa yà sósì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ó wá béèrè pé ọwọ́ mélòó ni mo fẹ́ máa fi wà á. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní méjì ni Ọlọ́run fún mi, Bàbá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ọwọ́ kan ni.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé èmi fúnra mi. Tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Màmá á dìde. Ó fẹ́ lọ sílé. Ilé wo? Kò mọ̀. Á máa yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, kò rí i yọ, á tún máa yí i. Mo ti gbìyànjú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gbìyànjú orin. Mo ti da aṣọ tó mọ́ sílẹ̀ kó lè rí nǹkan ká. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́: kó jókòó sí ọ̀tún mi, kí ọwọ́ wa so kọ́ra, kí èmi máa wa bàálù, kí òun máa wo àwọsánmọ̀. Títí di aago méje àbọ̀. Tí ọwọ́ bá tú pẹ́nrẹ́n, ó ti dìde.

Nítorí náà, Oníwo bọ́ sóde. Ọwọ́ òsì lórí ìwo, ọ̀tún á máa ti ọ̀pá kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ọ̀tún wo? Ọ̀tún mi ti níṣẹ́.

Ó ku Ọ̀pá. Ọ̀pá dára fún ọlọ́wọ́ kan: o yí ọrùn rẹ̀, imú bàálù á yí, agbára ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀ níbẹ̀, àtàǹpàkò lè tì í. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Mo gbé e sí òsì ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Mo pe Oníwáyà. Ó ní ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Mo ní kó bá mi wá a.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Inú mi ò dùn, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Oníwáyà ní tí òun bá rí ọ̀pá olóòfà, á lò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó rò pé ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Èèyàn kì í lọ wá ohun tó bá ọwọ́ òsì mu, tó máa tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lò, àyàfi tó bá ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ibi tí òun jókòó sí yìí náà ni òun ó máa jókòó sí. Tí mo bá sì ra Oníwo ńkọ́? Oníwo ní ọwọ́ méjì. Ọwọ́ méjì túmọ̀ sí pé Màmá ò sí níbí. Mi ò mọ bí nǹkan géèmù lásán ṣe di báyìí mọ́ mi lọ́wọ́.

Alága kọ sí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ pé kí ló dé tí mi ò kì í gbé fóònù ní ìrọ̀lẹ́, kí ni mò ń ṣe. Mo fi àtàǹpàkò òsì dá a lóhùn – Màmá wà ní ọ̀tún. Mo kọ ọ́ ráńpẹ́: Mo n wa oko ni irole. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Àǹtí Fóònù kọ̀wé sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀yìn fóònù la ti ń rí i, ibẹ̀ náà ló ti ń bá wa tọ́jú Màmá. Mo ti sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé mò ń wá ohun tí màá fi máa wa bàálù orí kọ̀ǹpútà mi. Ó ń ṣe hẹn-hẹn, hẹn-hẹn. Mo rò pé kò gbọ́, àṣé ó gbọ́. Ó béèrè gbogbo nǹkan, ó wú mi lórí. Mo kọ ọ̀rọ̀ wa síhìn-ín bó ṣe wà:

Se looto ni?
Looto ni.
Ni ojo ori e yii?
Se o ni ojo ori ni?
Iru wo lo n wa gan-an?
Eyi ti mo le fi owo kan di mu.

Ó fi ojú ẹlẹ́rìn-ín bíi mẹ́wàá ránṣẹ́. Ó tún béèrè:

Se o ti ri?
Mo ti ri eyi to wu mi. Ti elomii ni tele, sugbon o si lagbara daadaa.
Se o ti kuro lodo eni yen patapata?
Patapata. Eni yen ti ko lo.
A dupe lowo Olorun.

Mo rẹ́rìn-ín. Àǹtí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí Oníwo. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnì kankan nínú wọn ti béèrè ohun tó wu mí.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Alága pè. Kì í pè lọ́jọ́ Ajé. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Ó ní òun ti gbọ́, inú òun dùn, òun ò mọ̀ pé mo ṣì ní in lọ́kàn. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Ó ní ọkùnrin wo ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó àkọ́kọ́?

Mo ṣí gúrúùpù bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo n wa oko. Mo kà á bí wọ́n ṣe kà á. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ni mo wí. Ọkọ ni wọ́n rí. Mò ń wà á. Wọ́n ní mò ń wá a. Kí ló dé tí mi ò kọ bàálù? Àtàǹpàkò òsì, ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ, ó parí. Mo rántí "ti ẹlòmíì ni tẹ́lẹ̀". Mo rántí "ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára dáadáa". Olúwa mi o!

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi: Bọ̀dá, ẹ gbọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ – ìgbà yẹn gan-an ló sọ pé Màmá á máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní obìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ ò lè máa gbé ìyá rẹ̀ kiri, kò bójú mu.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ ọkùnrin yìí láàárín ọdún mẹ́fà. Àkọ́kọ́, ilé àwọn kéré. Ìkejì, àwọn ọmọ ní ìdánwò. Ìkẹta, àtẹ̀gùn ilé àwọn ga. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni àtẹ̀gùn náà, mo ti kà á. Ní báyìí, yàrá ti yọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí ọkùnrin kan tí kò sí láyé.

Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́ fún Oníwáyà, mo ní láti rí ẹnì kan sọ ọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já. Ó ní ẹ tiẹ̀ dúpẹ́, Madam Páílọ́ọ̀tì, ká ní oko ni wọ́n kà á sí, wọn ì bá ti gbé ọkọ́ àti àdá wá bá yín lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

Lẹ́yìn náà ló so Oníwo mọ́ tábìlì rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ọwọ́ méjì. Mo ti iná ẹ́ńjìnnì síwájú, mo rọra fà á, ilẹ̀ sì bọ́ lábẹ́ mi. Mo yí i sápá ọ̀tún, mo yí i sápá òsì, mo balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo dìde, èjìká mi méjèèjì wà ní ipele kan náà. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí ọ̀tún ti máa ń fà sísàlẹ̀ ju òsì lọ, mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Mo pẹ́ dé ilé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìyá Ìsàlẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀. Orúnkún rẹ̀ ló fi bá mi sọ ọ́, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó ń ké yéè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Alága fi àwòrán yàrá ránṣẹ́. Ìyàwó wa – ìyàwó Alága ni – ló kùn ún. Ọ̀dà náà mọ́lẹ̀, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, ìsàlẹ̀ ilé ni. Wọ́n fẹ́ wá rí ọkùnrin náà ní ọjọ́ kejìlélógún. Àǹtí Fóònù ti ń béèrè irú aṣọ tí màá wọ̀.

Mo wo àwòrán náà ní ìgbà bíi mẹ́wàá. Tí mo bá sọ òótọ́, yàrá yìí á padà di ibi ìkẹ́rùsí. Tí mi ò bá sọ ọ́, màá ní láti bí ọkọ, kí n tọ́ ọ dàgbà, kí n wọ̀ ọ́ láṣọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ojú ń tì mí. Inú ń bí mi pẹ̀lú, inú tó ń bí mi sì ju ìtìjú lọ.

Màmá yí ọwọ́ ilẹ̀kùn títí ó fi tú lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi súkúrù dè é padà.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Oníwáyà ti rí i. Ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì, olóòfà, èèyàn kan ṣoṣo ló ti lò ó. Ó gbé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní kí n kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo gbé e sórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, níbi tí kọ̀ǹpútà mi ń wà. Mo kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ àárín rẹ̀, ibi tó ń dúró sí tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Aago márùn-ún lù. Màmá jókòó, ọwọ́ wa so kọ́ra, mo fi òsì gbé bàálù lọ sókè. Ó rọrùn. Kò yà, kò gbọ̀n. Mo yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀, imú bàálù yí díẹ̀. A gba orí òkè kọjá, a gba orí omi kọjá, a balẹ̀ láìfarapa ní ìgbà àkọ́kọ́ nílé láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Rárá, kò pàtẹ́wọ́, ọwọ́ kan ló kù fún un. Ó gbá itan rẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó bá mi mu. Ó bá mi mu ju gbogbo ohun tí mo ti rà rí lọ. Mo lè gbé báyìí. Mo lè gbé báyìí títí tí n ó fi kú, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí débi pé mo gba yàrá ìwẹ̀ lọ, mo sunkún, mo sì padà wá bá a nídìí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Lẹ́tà mọ́kànlélógún. Dókítà Elépè ń kígbe pé kí wọ́n "tú aláìsàn náà sílẹ̀ ní kíákíá". Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo pa ẹ̀kan rẹ́.

Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Wọ́n dé ní ọ̀sán gangan. Alága wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ mọ àna, fìlà rẹ̀ gún régé. Ìyàwó wa gbé èso wá, ó pè mí ní Òpèlẹ́ńgẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, orúkọ tó fún mi láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Mi ò rí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, kò yí i padà. Alága kò tíì jókòó tó fi ní, ọkọ ìyàwó dà?

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo gbé Ọ̀pá síwájú rẹ̀. Mo ní Bọ̀dá, òun rèé. Ọkọ̀ ni. Bàálù. Mò ń wà á ni, mi ò wá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àtàǹpàkò òsì títí dé orí ti-ẹlòmíì-ni-tẹ́lẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Alága béèrè pé ṣé kò wá sí ọkọ kankan rárá. Mo ní kò sí, sà. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní ó dáa, wàhálà ti tán nìyẹn, Màmá á kúkú wà níbi tí ara rẹ̀ ti mọlé. Ó dé fìlà padà. Ìpàdé ti parí.

Mo ní rárá, sà. Mo ṣì rí àyè fi sà sí i, òmùgọ̀ èmi yìí.

Ó ní rárá báwo? Mo ní yàrá náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti kùn ún. Ó ní nítorí ọkọ ni wọ́n ṣe kùn ún. Ó béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi àyè náà ṣe. Gbogbo ohun tí mo ti ń rò láti ọdún mẹ́fà sá kúrò lórí mi. Mo ní mo fẹ́ máa jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ní sí ibo? Mo ní mi ò mọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bíi pé, ṣé o gbọ́? Ó ní nítorí ohun ìṣeré ni mo ṣe fẹ́ lé ìyá mi jáde.

Wọ́n dìde. Màmá náà dìde, ó ní òun ń bá wọn lọ. Mo dì í mú. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn títí mo fi ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Àǹtí Fóònù ní ìkà ni mí, òpùrọ́ sì ni mí pẹ̀lú. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ òun.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kẹta

Mo kọ̀wé sí gúrúùpù. Ọwọ́ òsì ni, Màmá wà ní ọ̀tún, bàálù dúró sójú kan lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Èèyàn máa tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀, á dúró kí àwọn àmì yọ, á yan ọ̀kan, á tún lọ sórí èyí tó kàn. Ìdajì wákàtí ló gbà mí:

Bọ̀dá, Àǹtí. Kò sí ọkọ. Kò sí ibi kankan tí mò ń lọ. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ wá mú Màmá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè gbà kà á. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Gbogbo wọn ti kà á.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Ìyàwó wa pè, òun fúnra rẹ̀, láti ẹ̀yìn ilé. Mò ń gbọ́ adìẹ. Ó ní Òpèlẹ́ńgẹ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kun yàrá yẹn, ọ̀dà ò tíì tán léèékánná mi. Ó ní òun ò kùn ún fún ọkọ ẹnikẹ́ni, Màmá ni òun kùn ún fún. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí n di ẹrù rẹ̀. Mo ní Bọ̀dá ńkọ́? Ó ní ẹ fi Bọ̀dá yín sílẹ̀ fún mi.

Ó rò pé fóònù já, ó ń pè mí, "Hàló? Hàló?"

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Mo dá Ọ̀pá padà. Mo ra Oníwo. Oníwáyà fi bébà wé e, ó so ó, ó ní kí n má ṣe fún súkúrù rẹ̀ jù, kó má baà ya tábìlì. Ó béèrè ọwọ́ mélòó, mo ní méjì, Bàbá. Ó wò mí fìrí, kò béèrè ohun mìíràn.

Mo gbé e gun òkè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Gbogbo nǹkan ló ń dá mi lẹ́bi, títí dé orí okùn tó fi so ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Ìyàwó wa dé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, òun nìkan, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, báàgì òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ di ẹrù. Aṣọ, oògùn, ìyarun, sálúbàtà, ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀ fún un: àsìkò oògùn, orin tó lè máa gbọ́, ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ bi í léèrè. Ó kà á tán, ó ká a, ó tì í sínú àyà rẹ̀.

Màmá jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò wá. Ó béèrè ẹni tó ń rìnrìn àjò. Mo ní ẹ̀yin ni, Mà. Ó ní èmi àti ta? Mo ní ẹ̀yin àti Ìyàwó wa. Ó ní ìwọ ńkọ́? Mo ní èmi ò lọ, Mà. Èmi ń dúró.

Ó wò mí. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún. Ká sọ òótọ́, tó bá jẹ́ pé ẹyọ omijé kan ló bọ́, ǹ bá tú báàgì náà, ǹ bá kó aṣọ rẹ̀ padà, ǹ bá lọ gba Ọ̀pá lọ́wọ́ Oníwáyà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ mi ti wà lórí báàgì.

Ó yíjú sí Ìyàwó wa. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni kẹta gbọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò jìnnà sí i ju apá kan lọ. Ó ní, "Jẹ́ ká tètè máa lọ. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí n jáde. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó wa ò lè wo ojú mi. Ó gbé báàgì. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo ṣí ilẹ̀kùn. Màmá dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí ìwà ọmọlúàbí, ó yíjú padà, ó fi orúnkún méjèèjì kí mi díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Mà. Ẹ tọ́jú mi dáadáa."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Láti àjà kẹta títí dé ìsàlẹ̀, kò dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan.